Ṣé Ẹ̀yin Méjèèjì Yìí Náà Ni? Ojú Tí Aráàlú Ìlú Ọba Fi Wo Àwọn Olórí Ẹgbẹ́ Kí Wọ́n Tó Dìbò 2024

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọkùnrin méjì dúró níwájú èrò ní Nottingham Trent University. Rishi Sunak ti ẹgbẹ́ Conservative ni Olóòtú Ìjọba nígbà náà. Keir Starmer, olórí ẹgbẹ́ Labour, ló ń du ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́jọ. BBC ń gbé ìtàkùrọ̀sọ náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ariwo àwọn afẹ̀hónúhàn tó wà níta sì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu lórí owó orí àti lórí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kan ọkùnrin kan láàárín èrò láti béèrè ọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ bá wọn débẹ̀. Ó ní Sunak kò ju Olóòtú Ìjọba ṣákálá kan lọ. Ó ní àwọn àgbààgbà Labour ló ń darí Starmer bó ṣe wù wọ́n. Ó wá bi wọ́n bóyá àwọn méjèèjì yìí náà ni ẹni tó dára jù tí orílẹ̀-èdè ńlá bẹ́ẹ̀ rí yọ láti ṣe Olóòtú Ìjọba.

Àtẹ́wọ́ bú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ló gbé ìbéèrè yìí kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún náà, kí ó di ìbéèrè ọkùnrin yẹn mú. Ẹgbẹ́ Labour wọlé tìlù-tìfọn, àmọ́ àwọn tó gbé wọn wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹni tí wọ́n gbé. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde ni wọ́n mọ̀ dájú.

Òjò pa á ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀

Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ni Sunak jáde síwájú ilé nọ́ńbà 10, Downing Street, láti kéde pé ìdìbò yóò wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù Keje. Òjò ń rọ̀. Kò gbé agbòjò. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kóòtù rẹ̀ ń rin gbingbin, tí orin tí Labour fi polongo ìbò ní 1997 sì ń dún láti inú ẹ̀rọ alátagbà kan ní ìta ẹnubodè. Àwòrán yẹn ni gbogbo ayé kọ́kọ́ rí nínú ìpolongo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó burú jù ú lọ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà pé 80 ọdún tí àwọn ọmọ ogun ìṣọ̀kan gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy láti gba ilẹ̀ Yúróòpù lọ́wọ́ Hitler. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè péjọ síbẹ̀, àwọn arúgbó tó jagun náà sì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn lórí àga onítáyà. Sunak lọ, ṣùgbọ́n kò dúró de ètò ọ̀sán tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè jọ ṣe. Ó padà sílé láti lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì ló tọrọ àforíjì. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń dìbò fún Conservative láti kékeré ń sọ ni pé ẹni tí kò lè fi ìrọ̀lẹ́ kan bọlá fún àwọn tó tìtorí orílẹ̀-èdè fẹ̀mí wewu, kò mọ irú àwọn tó ń ṣe olórí lé lórí. Ọ̀rọ̀ ètò ìṣúná kò lè dun irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tó èyí. Wọ́n rí i bí àrífín sí àgbà, kò sì sí èdè tí a máa fi ṣàlàyé àrífín.

Kò pẹ́ ni wọ́n tún gbọ́ pé àwọn kan tó sún mọ́ olórí ẹgbẹ́ ti lọ ta tẹ́tẹ́ lórí ọjọ́ tí ìdìbò máa bọ́ sí kí ó tó kéde rẹ̀. Conservative yọwọ́ kúrò lẹ́yìn olùdíje méjì lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ tó ṣáájú ìtàkùrọ̀sọ Nottingham. Labour náà dá olùdíje tiwọn kan dúró lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Ohun tí aráàlú ń wí láti ọjọ́ pípẹ́, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, wá rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Olóòtú Ìjọba márùn-ún

Ìbínú náà kò ti ọ̀dọ̀ Sunak bẹ̀rẹ̀. Láti 2010 ni Conservative ti ń ṣèjọba. Láàárín ọdún 14 yẹn, Olóòtú Ìjọba márùn-ún ló jẹ: David Cameron, Theresa May, Boris Johnson, Liz Truss, àti Sunak fúnra rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, aráàlú kì í dìbò yan Olóòtú Ìjọba tààrà. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó pọ̀ jù ni olórí rẹ̀ máa ń wọ Downing Street. Bí ẹgbẹ́ náà bá pààrọ̀ olórí láàárín kan, Olóòtú Ìjọba tuntun nìyẹn, kò sí ìbò aráàlú kankan níbẹ̀.

Johnson rí ìbò gbà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó gba ìjókòó 365 nínú 650, àwọn ìlú kan tí bàbá àti bàbá ńlá wọn kò dìbò fún ẹgbẹ́ mìíràn ju Labour lọ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ara jọ, àríyá ń lọ nínú ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni òkú sùn nílé ìwòsàn tí ọmọ kò rí ojú ìyá rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí pé wọ́n pa òfin mọ́. Nígbà tí ọwọ́ pálábá àwọn olófin ségi, ọlọ́pàá bu owó ìtanràn lé Johnson àti Sunak tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná rẹ̀. Mo rò pé láti ibẹ̀ ni okùn ti já láàárín Conservative àti ọ̀pọ̀ aráàlú.

Truss ló tẹ̀lé e. Ọjọ́ 49 péré ló lò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba rẹ̀ kéde pé òun máa gé owó orí lulẹ̀ láìsọ ibi tí owó tí wọ́n máa fi dí i máa ti wá. Iye pọ́n-ùn já lulẹ̀ sí ibi tí kò dé rí sí dọ́là, èlé lórí owó tí àwọn ènìyàn yá ní báńkì láti ra ilé sì gbéra sọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ọ̀wọ́n gógó dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Owó ilé yìí ni kí òǹkàwé wò dáadáa. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá yáwó ra ilé sábà máa ń bá báńkì ṣe àdéhùn èlé tí kò ní yí padà fún ọdún méjì tàbí márùn-ún. Bí àdéhùn náà bá parí, yóò ṣe tuntun ní iye tó bá wà lóde. Nítorí náà, ìnira náà kò bá gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà. Ó ń wọ ilé kan tẹ̀lé òmíràn fún ọdún méjì gbáko, títí dé oṣù ìdìbò. Sunak ń sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti rọlẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà báńkì tí ìdílé kan gbà lóṣù tó kọjá ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìṣirò mínísítà.

Ta ló mọ bí a ṣe ń gbé?

Àwọn onímọ̀ ìṣèlú sọ pé olùdìbò kò ní àkókò láti ka ìwé ètò gbogbo ẹgbẹ́. Olórí ni wọ́n ń wò, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ìyókù: ṣé ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, ṣé a lè gbọ́kàn lé e, ṣé ó mọ irú ìgbé ayé tí a ń gbé? Nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ̀kẹta ló ṣòro jù fún Sunak.

Ọmọ dókítà àti apoògùn ní Southampton ni. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olówó, ó fẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní Íńdíà. Ìwé ìròyìn Sunday Times ka ọrọ̀ òun àti aya rẹ̀ sí mílíọ̀nù 651 pọ́n-ùn lọ́dún ìdìbò. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó tìtorí rẹ̀ fi Normandy sílẹ̀, wọ́n bi í pé kí ni kò ní nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní àwọn kò ní tẹlifíṣọ̀n Sky tí wọ́n ń sanwó wò. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá sọ pé òun mọ ìnira aráàlú, Sky ni wọ́n máa ń rántí. Kì í ṣe owó ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùdìbò Gẹ̀ẹ́sì ti dìbò fún olówó rí, wọ́n tún máa dì í. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìyà mọ bí ìyà ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ Starmer yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ ń rọ irinṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tí àìsàn líle bá jà títí ayé rẹ̀. Ó ti ṣe olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba rí, láti 2008 títí di 2013. Ó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ títí ó fi sú àwọn olùgbọ́. Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Grimsby, ẹnì kan sọ ọ́ sí i lójú pé ó ń ṣe bí rọ́bọ́ọ̀tì olóṣèlú, ó sì bi í bó ṣe fẹ́ rí ìbò irú òun gbà.

Ẹ̀rù bí Labour ṣe fìdí rẹmi nínú ìdìbò 2019 ló so ahọ́n Starmer. Ó ti ṣe ìlérí mẹ́wàá nígbà tó ń du olórí ẹgbẹ́ ní 2020, ó sì ti jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn bọ́ sílẹ̀. Jeremy Corbyn, olórí Labour tó sìn rí, kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára pátákó ìpolongo wọn: ìyípadà. Ìyípadà sí kí ni? Ọ̀pọ̀ olùdìbò ní àwọn kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bà wọ́n, ìyẹn sì tó lọ́dún yẹn.

Láàárín àwọn olórí ẹgbẹ́ yòókù, Ed Davey ti Liberal Democrats ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ṣubú sínú omi adágún Windermere lójú kámẹ́rà, ó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kiri, títí àwọn ènìyàn fi ń rò pé kò ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu. Ìgbà náà ló gbé fídíò kan jáde tó fi hàn bó ṣe ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ní ìpèníjà ara, ó sì sọ bí òun ṣe tọ́jú ìyá òun tí àìsàn jẹjẹrẹ pa nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí àìmọye ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú aláìsàn inú ilé wọn, ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ kìíní fetí sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Nigel Farage ní tirẹ̀ kò fẹ́ díje tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ló yí ọkàn padà, tó gba olórí Reform UK, tó sì lọ díje ní Clacton. Ìgbà méje ló ti du ìjókòó nílé aṣòfin rí tí kò rí i. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn láìfi bò. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní àjèjì ló ń di gbogbo ẹ̀bi lé lórí. Kò sí ẹni tí kò ní èrò kan nípa rẹ̀, nígbà tí àìmọye ènìyàn kò rí nǹkan kan sọ nípa Starmer.

Ìbò kékeré, ìjókòó púpọ̀

Ọjọ́ 4 oṣù Keje dé. Labour gba ìjókòó 411. Conservative ṣẹ́ ku 121, èyí tó kéré jù nínú gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ náà. Truss fúnra rẹ̀ pàdánù ìjókòó rẹ̀ ní Norfolk. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sunak jáde síwájú ilé nọ́ńbà 10 kan náà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráàlú, ó ní òun ti gbọ́ ìbínú wọn.

Ẹni tó bá wo ìjókòó nìkan yóò rò pé gbogbo ìlú ló ń kọrin Starmer. Ìdá 33.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni Labour gbà. Kò sí ẹgbẹ́ tó fi irú ìdá kékeré bẹ́ẹ̀ dá ìjọba ní ìjókòó tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìbò nǹkan bí mílíọ̀nù 9.7 ni wọ́n rí. Corbyn gba nǹkan bí mílíọ̀nù 10.3 ní 2019, wọ́n sì pè é ní ìdójútì. Ní ẹkùn ìdìbò Starmer gan-an, Holborn and St Pancras, ìbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì iye tó gbà ní 2019.

Bí ètò wọn ṣe rí ló fà á. Ẹni tó bá ṣáájú ní ẹkùn kan ló gba ìjókòó ibẹ̀, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi ṣáájú. Nígbà tí Reform jẹ wọ inú ìbò Conservative káàkiri, Labour gba àárín wọn kọjá. Reform gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ìjókòó márùn-ún ni wọ́n fún un. Liberal Democrats gba ìbò mílíọ̀nù 3.5, tiwọn jẹ́ 72, nítorí pé ibi tí agbára wọn wà ni wọ́n kó ọwọ́ wọn lé. Ó ṣòro fún mi láti pe èyí ní ìdájọ́ òdodo fún olùdìbò.

Ọ̀rọ̀ Gaza náà gba ìjókòó lọ́wọ́ Labour níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀. Starmer sọ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí wọ́n gbọ́ bí ẹni pé ó ní Ísírẹ́lì lẹ́tọ̀ọ́ láti gé omi àti iná Gaza. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ kò gba àlàyé náà. Àwọn olómìnira borí Labour ní Leicester South, Blackburn, àti ibòmíràn. Ní Ilford North, Wes Streeting ti Labour fi ìbò 528 péré yọ.

Èyí tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn tó jókòó sílé. Nínú olùdìbò mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bíi mẹ́fà péré ló dìbò. Láti 2001, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí British Social Attitudes ti rí i ní 2023 pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà gbọ́ láéláé pé ìjọba kan, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, máa fi ire orílẹ̀-èdè ṣáájú ire ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwádìí náà.

Àwọn tiwa ní Peckham àti Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó péye lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nínú ìdìbò gbogboogbò, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọmọ Jámánì tó ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò gba ìwé ọmọ onílùú, kò lẹ́tọ̀ọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ìbàdàn dé lọ́dún tó kọjá ní in.

Òfin tí ìjọba Conservative ṣe ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú ìdìbò sì wọ ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, òfin kan náà dé bá àwọn tó ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Owó ìlera tí àlejò ń san gòkè sí 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbàlagbà. Ìyá tó ń fọ ara fún arúgbó ẹlòmíràn ní Birmingham ń fi fóònù tọ́ ọmọ tirẹ̀ ní Òṣogbo. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ nípa ẹni tó ń jọba.

Ẹ má sì rò pé Labour tú òfin náà ká nígbà tí wọ́n wọlé. Wọn kò tú u. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun pátápátá. Ẹni tó dìbò fún wọn nítorí pé wọn kì í ṣe Conservative kò rí èsì rere gbà lórí èyí.

Ní Conservative, ọmọ tiwa ló wá di olórí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Kemi Badenoch tí wọ́n bí sí Wimbledon, tó dàgbà ní Èkó, borí Robert Jenrick, ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ ńlá ní Ìlú Ọba. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn mìíràn bínú sí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nípa Nàìjíríà, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima sì bá a wí ní gbangba. Èrò tèmi ni pé orúkọ Yorùbá nìkan kò tó láti fi dìbò fún ẹnikẹ́ni, kò sì tó láti fi kọ̀ ọ́. Inú ìjọba tó ṣe òfin tó ya òṣìṣẹ́ ìtọ́jú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà nígbà náà, mínísítà ni. Òfin yẹn ni kí ẹ bi í léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ forúkọ yín sílẹ̀ kí ìdìbò tó ń bọ̀ tó dé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì gba owó kọ́bọ̀. Láti 2024 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò nínú ìdìbò gbogboogbò, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa sì ń rò pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n ṣì máa gbà á bí fọ́tò inú rẹ̀ bá jọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà ní Manchester tàbí Leeds, kí ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé olùdìbò.